Jẹ́ẹ̀lì Tó Ń Hùwà Ìgbín

Ẹ̀yin ará Èrúwà àti Igbó-Ọrà, ta ni kò mọ ìgbín nínú wa? Bí òjò bá dá tí ilẹ̀ sì tutù, á na ara jáde, á kún dáadáa. Bí oòrùn bá mú, ó di inú ìkarahun. Bí ọmọ aláìgbọràn bá bu iyọ̀ sí i lára, kíá ni yóò sún kì, tí omi ara rẹ̀ á máa dà.

Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ohun kan tí kò lẹ́mìí, tó sì ń hu irú ìwà yìí. Hydrogel ni wọ́n ń pè é: fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó so kọ́ra, tí omi kún àárín wọn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tí ooru ń sún kì ni PNIPAM. Nínú omi tútù, á mumi, á wú. Bí omi náà bá gbóná kọjá nǹkan bí 32°C, àwọn fọ́nrán á jọ̀wọ́ omi, wọn á lẹ̀ mọ́ra. Omi kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú oòrùn oko lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbín ń sá fún oòrùn ni o. Jẹ́ẹ̀lì kò sá, omi inú rẹ̀ ló ń jáde. Ẹ dá a padà sómi tútù, á tún wú.

Iyọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ ń bá a du omi ni. Ẹ po nǹkan bí gíráàmù 58 iyọ̀ ọbẹ̀ mọ́ omi lítà kan, jẹ́ẹ̀lì kò ní dúró de 32 mọ́. Ní nǹkan bí 20 ni yóò ti sún kì. Omi àmù pàápàá á gbóná jù fún un. Oríṣi iyọ̀ pọ̀, agbára wọn kò sì dọ́gba: láti 1888 ni Franz Hofmeister, ní Prague, ti ń fi èròjà inú ẹyin wádìí èyí tó le jù nínú wọn.

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ìbátan rẹ̀ wà nínú pámpáàsì. Ẹ ya tuntun kan, ẹ gbọn hóró funfun inú rẹ̀ sí abọ́ (kí ọmọdé má fi sẹ́nu), ẹ bu omi sí i: á wú, á dì. Ẹ wá da ṣíbí iyọ̀ kan lé e, ẹ rò ó: á rọ̀, omi á yọ. Ooru kì í sọ ọ́ di kíkì bíi PNIPAM, ṣùgbọ́n iyọ̀ ń bá a jà.

Irú jẹ́ẹ̀lì yìí ni àwọn àgbẹ̀ kan ń bò mọ́lẹ̀ kó lè fi omi pamọ́. Iyọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ òyìnbó jẹ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e wá tà fún yín, ẹ bi wọ́n: iye omi tí ẹ ní ó ń mu yìí, ṣé omi òjò ni, àbí omi tí ajílẹ̀ ti yọ́ sí?