Ohun Èlò Ọ̀fẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ olùkọ́ rí. Láyé àtijọ́, pátákó dúdú, ṣọ́ọ̀kì àti ìwé ni ohun èlò rẹ̀. Lóde òní, fóònù tí ó wà lápò rẹ̀ ti di ọ̀kan nínú wọn. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣe àlàyé bí olùkọ́ ṣe lè fi ohun èlò ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: bíbá akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí sọ̀rọ̀, títo iṣẹ́ kíláàsì lẹ́sẹẹsẹ, àti yíyẹ ìmọ̀ wò. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun tí ó bá ṣeé ṣe níbẹ̀ yóò ṣeé ṣe ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí à ń sọ. Àpápá ni èbúté ńlá Èkó wà, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù. Ajégúnlẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, kò jìnnà sí i rárá, orúkọ rẹ̀ sì sọ pé ajé ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ajé kì í wọ gbogbo ilé bákan náà. Ní àdúgbò àwọn ọlọ́lá ní Àpápá, ọmọ kan lè ní fóònù àti kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé tí ilẹ̀kùn ti kọjú sí ilẹ̀kùn, fóònù kan ṣoṣo tí ó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì sì lè jẹ́ ti bàbá, tí yóò mú un lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Ùròbò àti Haúsá ni wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Olùkọ́ tí kò bá mọ èyí, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ dára tó, yóò kàn máa kọ́ àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe tuntun ní àdúgbò yìí. Ní ọdún 2007 ni Gbenga Sesan àti àjọ Paradigm Initiative bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Ajegunle.org, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọgbọ́n òwò. Ṣùgbọ́n ọdún 2020 ni ọ̀ràn náà kan gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Àrùn kòrónà dé, a ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó padà sí kíláàsì ní Èkó títí di oṣù Kẹjọ, nígbà tí a ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gba orí WhatsApp lọ. Ọmọ tí ó ní fóònù ń kàwé, ọmọ tí kò ní sì ń wòran. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ lọ́dún náà ni pé ohun èlò tí ó so àwọn kan pọ̀ lè ti àwọn mìíràn síta.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ìbánisọ̀rọ̀. WhatsApp ni ó rọrùn jù, nítorí pé àwọn òbí ti mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ WhatsApp tí kò ní òfin a máa dà bí ọjà alẹ́: àdúrà, ìpolówó ọjà àti àwàdà yóò bo iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́lẹ̀. Láti ọdún 2018 ni ó ti ṣeé ṣe kí olùdarí ẹgbẹ́ tì í, kí ó fi jẹ́ pé àwọn olùdarí nìkan ni yóò lè kọ ọ̀rọ̀ sí i. Kí olùkọ́ lo ìlànà yìí. Kí ó kọ ìkéde rẹ̀ ní kúkúrú, kí ó sì fi ohùn ara rẹ̀ ka ohun tí ó nílò àlàyé, nítorí pé ohùn kò jẹ dátà tó fídíò, ìyá tí kò mọ̀wé yóò sì gbọ́ ọ. Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: gbogbo ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ lè rí nọ́ńbà fóònù ara wọn. Nítorí náà, nọ́ńbà òbí ni kí a fi sí i, kì í ṣe ti ọmọdé, pàápàá jù lọ ti ọmọbìnrin. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023 kà á sí ojúṣe wa láti ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ètò. Ní ọdún 2014 ni Google gbé Google Classroom jáde. Láti ọdún 2017 sì ni ẹni tí ó bá ní àkáǹtì Google tirẹ̀ ti lè dá kíláàsì sílẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ yóò fún àwọn ọmọ ní àmì ìwọlé. Yóò pín iṣẹ́, yóò dá ọjọ́ tí a óò dá a padà, yóò sì rí ẹni tí ó ti ṣe é àti ẹni tí kò tíì ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá kúnjú òṣùwọ̀n lè béèrè fún èyí tí Google ń fún ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí ni ó sì yẹ wá jù, nítorí pé àkóso rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́. Fún ìwé máàkì, Google Sheets tó: bí a bá fi 40 sí iṣẹ́ inú kíláàsì, tí a fi 60 sí ìdánwò, yóò ro wọ́n pọ̀ fún wa láìṣìrò.

Àmọ́ ṣá o, ètò orí ẹ̀rọ kò lè dá dúró. Àwọn ará Àpápá mọ èyí dáadáa. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti máa pe tírélà wọlé ní àkókò tirẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ pè é ní Ètò. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n kò mú ìdíwọ́ ojú ọ̀nà kúrò pátápátá, nítorí pé ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ àti ìwà àwọn tí ń lò ó kò sí nínú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tí kì í ka iṣẹ́ tí ọmọ kọ sínú ìwé kò ní di ẹni tí ń kà á nítorí pé ọmọ fi ránṣẹ́ sórí Google Classroom.

Ẹ̀kẹta ni ìdánwò, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti le jù. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá: ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ti pàdánù kí ó tó ka ìbéèrè kìíní. Google Forms lè ràn án lọ́wọ́. Olùkọ́ yóò kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì máàkì rẹ̀. Bí fóònù bá jẹ́ mẹ́rin péré, kí àwọn ọmọ pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, kí wọ́n máa ṣe é ní ìpín-ìpín.

Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ Yorùbá ní ìṣòro tiwa. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí olùkọ́ bá fi ọkọ̀ ṣe ìdáhùn, tí ọmọ sì tẹ oko, ẹ̀rọ yóò ní ó kùnà, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé fóònù rẹ̀ ni kò ní àmì. Bí olùkọ́ bá sì ní kí ẹ̀rọ gba oko pẹ̀lú, yóò gbóríyìn fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ rárá. Kò tán síbẹ̀: lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ṣeé tẹ̀ ní ọ̀nà méjì tí ojú ènìyàn kò lè yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà lè kà sí ohun méjì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kí ọmọ yan èyí tí ó tọ̀nà. Ẹ̀rọ lè máàkì ìyẹn. Ní ti àròkọ, àpèjúwe àti òwe, kí ọmọ fi bírò kọ wọ́n sórí ìwé, kí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ kà wọ́n. Kí a sì kọ́ wọn bí a ti ń lo àtẹ lẹ́tà Yorùbá tí ó wà lórí Gboard lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀rọ kì í ṣì í, kí ó rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Àtúnṣe kan tí JAMB ṣe sí ètò ẹ̀rọ rẹ̀ kò dé àwọn ẹ̀rọ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni a ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. 206,610 nínú wọn jẹ́ ti Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, sunkún ní gbangba bí ó ti ń tọrọ àforíjì. Igbe àwọn ọmọ àti òbí ni ó mú kí a yẹ ọ̀ràn náà wò. Google Forms fún olùkọ́ láyè láti dá èsì dúró títí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a máa lo àyè náà nígbà gbogbo.

Paríparí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀fẹ́, tàn wá jẹ. Ohun èlò jẹ́ ọ̀fẹ́. Dátà àti iná kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó wọn títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mélòó kan já, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, fóònù ọmọ tí ó tálákà jù ni kí a fi wọn ohun èlò tí a óò yàn. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ lálẹ́, kí a kọ ọ́ sára pátákó láàárọ̀. Iṣẹ́ tí a bá ṣe lórí ẹ̀rọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí ìwé. Kí a má ṣe yọ máàkì ọmọ kankan nítorí pé kò ní dátà.

Ẹ̀rọ lè kà, ó lè rò, ó lè tò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yóò mọ ìdí tí ọmọ kan kò fi dáhùn. Iṣẹ́ ìmọ̀yí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá fi kíkà àti rírò fún ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a fi àkókò tí a rí níbẹ̀ wá ọmọ náà lọ.