Ọmọ Ogun Lẹ́nu Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìròyìn Rédíò àti Àwọn Tó Lọ Jagun Lókèèrè, láti Bọ́mà dé Làìbéríà

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn Yorùbá pe rédíò nígbà tó kọ́kọ́ dé. Orúkọ náà kì í ṣe àwàdà lásán. Ó ṣàlàyé irú ìbásọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà gbé wọ̀lú: ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ó rọrùn láti wo orúkọ yìí láti ọ̀dọ̀ olùgbọ́ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tún wà tí kò lè fèsì, ìyẹn ẹni tí ìròyìn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Inú ìròyìn nípa ọmọ ogun tó wà lókèèrè ni èyí ti hàn jù lọ, nítorí pé ẹni náà kò sí nílé, òfin iṣẹ́ ológun sì ti dè é lẹ́nu.

Ṣómólú àti Bàrígà ní ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ ibi tó yẹ láti ti wo ọ̀rọ̀ náà. Àdúgbò elérò púpọ̀ ni méjèèjì. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá pọ̀ níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé rédíò ẹnìkan ni gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbọ́, ì báà wù wọ́n, ì báà máà wù wọ́n. Lásìkò ìjọba ológun, ọ̀nà méjì ni irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ fi mọ jagunjagun: èyí tó rí lójú títì, àti èyí tó gbọ́ lórí afẹ́fẹ́. Àwọn méjèèjì kò jọra, èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ológun ni ẹni tó gba ìjọba. Ṣọ́jà ni ẹni tó ń fi bẹ́líìtì na awakọ̀ dánfó. Ọmọ ogun ni ẹni tí a rán lọ sí ìlú onílùú. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni ó bá ìròyìn lára mu jù, pàápàá bí a bá fi “wa” kún un: àwọn ọmọ ogun wa. Lóòótọ́, “ọmọ” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí. Jíjẹ́ ara ẹgbẹ́ ló dúró fún, gẹ́gẹ́ bó ti rí nínú “ọmọ ìlú” tàbí “ọmọ ìjọ”. Síbẹ̀, etí abiyamọ tó ń gbọ́ ìròyìn ní Bàrígà kò lè ṣàì gbọ́ ọmọ bíbí nínú rẹ̀. Oníròyìn tó ń lo ọ̀rọ̀ náà ti gba ìyọ́nú olùgbọ́ kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wáyà ni wọ́n fi ń gbé ohùn lọ sínú àpótí kan nílé ẹni tó bá lè san owó rẹ̀, kò sì sí bí onílé ṣe lè yí i láti wá ilé-iṣẹ́ mìíràn gbọ́. Ẹ̀ka ìjọba amúnisìn tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹligíráàmù ló ń darí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó ń sọ sì ń wá tààrà láti London. Nígbà tí ogun Hítílà bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, àpótí yìí di ọ̀kan lára irinṣẹ́ ogun náà. Jagunjagun Áfíríkà tó ń gbé jáde kò ní orúkọ, kò ní ìlú, kò sì ní ẹ̀rù: akíkanjú ni, ó ń sin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọkàntọkàn, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbésí ayé Isaac Fadoyebo fi ohun tí àwòrán yìí bò mọ́lẹ̀ hàn. Ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ ni. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Wọ́n kó o lọ sí Íńdíà, lẹ́yìn náà sí Bọ́mà, pẹ̀lú Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, níbi tó ti ń ṣètọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáàn ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ìbọn ba òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, wọn kò sì lè bá àwọn tó kù lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sá pamọ́ sínú igbó lẹ́yìn tí ogun ti kọjá lórí wọn. Mùsùlùmí ará abúlé kan, Shuyiman, ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló sì gbà wọ́n sílé níkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí àwọn ará Jàpáàn bá gbọ́, ikú ni. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n tó rí ìgbàlà.

Níbo ni irú ìtàn yìí ì bá ti wọ inú ìròyìn 1944? Kò sí ọ̀tá tí wọ́n ṣẹ́gun nínú rẹ̀. Àjèjì kan tí kì í ṣe ológun rárá ló ṣe akin. Nígbà tí Fadoyebo fúnra rẹ̀ wá kọ ìwé, àkọlé tó jáde sára rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà; oríire tó kọjá ìgbàgbọ́ ni ó ń sọ. Ó tọ́ kí onímọ̀ Yorùbá dúró díẹ̀ síbí. Rédíò fi ìyè jagunjagun sí ọwọ́ akíkanjú àti ọ̀gá tó darí rẹ̀. Ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ fi í sí ọwọ́ orí, àti sí ọwọ́ ẹni tó gbé àwo ìrẹsì wọ inú igbó.

Rédíò náà ló sì ṣílẹ̀kùn fún ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà á ní ọdún 45. Ní 1989, ẹ̀ka Áfíríkà ti BBC bẹ àwọn ará Áfíríkà tó jagun náà pé kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí ránṣẹ́. Lẹ́tà ya wọlé. Ìwé tí Fadoyebo kọ wà lára ohun tó dé, wọ́n sì fi pamọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní London, ibi tí àwọn onímọ̀ ti rí i. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Asọ̀rọ̀mágbèsì béèrè ìbéèrè, ó sì dúró gba èsì; àwòrán tó ti gbé kiri láti ìgbà ogun yí padà.

Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn ìpè yìí tí ọmọ ogun Nàìjíríà tún fi wọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà. (Yorùbá kì í pe Làìbéríà ní òkè òkun, nítorí òkè òkun ni ilẹ̀ òyìnbó; ṣùgbọ́n orí omi ni wọ́n gbà débẹ̀.) Ìpẹ̀tù sí aáwọ̀ ni ìjọba pe iṣẹ́ wọn. Ẹnu àti sùúrù ni àgbà fi ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ láwùjọ Yorùbá. Ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí Prince Johnson mú Ààrẹ Doe ní ọ́fíìsì ECOMOG gan-an ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ ìpẹ̀tù kò tó bo nǹkan mọ́.

Nínú ogun yìí, Charles Taylor ń ti inú igbó fi tẹlifóònù bá ètò Focus on Africa ti BBC sọ̀rọ̀, ó ń fọ́nnu, ó ń halẹ̀. Ọmọ ogun tó kọjú sí i kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní Ṣómólú lè dá ohùn ọ̀tá mọ̀, kó má sì gbọ́ ohùn ọmọ àdúgbò rẹ̀ rí. Èdè tún wà níbẹ̀: BBC ti ń sọ Hausa láti 1957, ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni ẹ̀ka Yorùbá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1990 kò ní ju rédíò ilé lọ, ìyẹn Radio Nigeria ti ìjọba àpapọ̀ àti Radio Lagos ti ìpínlẹ̀. Àwọn oníròyìn Nàìjíríà méjì tó fẹ́ fojú ara wọn rí i, Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti The Champion, ni wọ́n pa ní Làìbéríà. Lẹ́yìn èyí, gbólóhùn àwọn ọ̀gágun ni ìròyìn fi ń kún àlàfo. Àwọn ará Làìbéríà, ní tiwọn, ti tú lẹ́tà inú orúkọ ECOMOG sí ẹ̀fẹ̀ pé kò sí ọkọ̀ tàbí ohun tó ń rìn tí kò ní bá àwọn ọmọ ogun náà lọ. Irú ẹ̀fẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a lè retí lẹ́nu rédíò ìjọba ológun.

Àwọn òkú ńkọ́? Iye ni ìròyìn sábà máa ń kà, bó bá tilẹ̀ kà á. Fún orúkọ, ìwé ni ẹbí ní: fọ́tò, ọjọ́ ìbí, oríkì, àti ètò ìsìnkú, irú iṣẹ́ tí a mọ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ́ kárí Èkó. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, “ọmọ” padà di ọmọ bíbí.

Lónìí, olùgbọ́ Bàrígà lè fi fóònù pe ètò orí afẹ́fẹ́ kó sì fèsì lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó ọmọ ogun lè pè, ìyá rẹ̀ lè pè. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an kò lè bá oníròyìn sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2008, àwọn ọmọ ogun kan tó ti ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Làìbéríà jáde sí ìgboro Àkúrẹ́, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn lórí owó àjẹmọ́nú tí wọn kò rí gbà. Ọ̀tẹ̀ ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ ológun rán 27 nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n gbére, kí wọ́n tó dín in kù sí ọdún 7. Lọ́jọ́ tí ìròyìn ìdájọ́ náà jáde, kì í ṣe “àwọn ọmọ ogun wa” ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn tí olùka ìròyìn ní láti tú sí Yorùbá, ọlọ̀tẹ̀ ni.