Óòtì alágbọn: kí ni yíyọ̀ rẹ̀ ń ṣe nínú ara?

Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde láti Yunifásítì Bonn ní Jámánì, pé ọjọ́ méjì péré táwọn kan fi jẹ óòtì mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù LDL wọn (irú èyí tí kò dára) wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100, ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé óòtì alágbọn àárọ̀ wọn ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n 300 gíráàmù óòtì ni wọ́n ń jẹ lóòjọ́ níbẹ̀, omi lásán ni wọ́n sì fi sè é. Kò sí àgbọn nínú rẹ̀ rárá.

Yíyọ̀ óòtì gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Àwọn kan rò pé wàrà tàbí àgbọn ló ń mú un ki. Óòtì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Fáíbà kan wà nínú hóró rẹ̀ tó ń jẹ́ beta-glucan. Bí omi gbígbóná bá ti kàn án, á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, á sì máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Ìdí nìyẹn tí èyí tá a rọra sè lórí iná kékeré, tá a sì ń rò, fi máa ń ki dáadáa.

Fífà yẹn kì í tán sínú ìkòkò. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Tí òróòro bá ti ṣiṣẹ́ tán, ìfun á gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà fún ẹ̀dọ̀. Beta-glucan ló ń dí i lọ́wọ́: á há òróòro mọ́, á sì gbé e bá ìgbẹ́ jáde. Dandan ni kí ẹ̀dọ̀ ṣe òmíràn, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ti máa fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó fẹ́ lò. Àwọn olùwádìí Bonn fi kún un pé kòkòrò inú ìfun tó ń jẹ óòtì náà ń dá sí i. Láti 1997 ni àjọ FDA, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fàyè gba àwọn tó ń ta óòtì láti kọ àǹfààní beta-glucan yìí sára páálí. 3 gíráàmù beta-glucan lóòjọ́ ni òṣùwọ̀n wọn, ìyẹn nǹkan bí 75 gíráàmù óòtì gbígbẹ.

Ọ̀rọ̀ àgbọn yàtọ̀. Ó lé ní ìdá 80 nínú 100 òróró rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rá tó máa ń dì, irú èyí tó ń gbé LDL sókè. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1981 lórí àwọn ará Tokelau àti Pukapuka, ní erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, fi hàn pé àgbọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ Tokelau. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ga ju ti Pukapuka lọ, àmọ́ àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀ kò wọ́pọ̀ níbì kankan nínú méjèèjì. Ẹja làwọn ará erékùṣù méjèèjì ń jẹ sí i nígbà náà, ṣúgà wọn kò sì tó nǹkan.

Òróró tí wọ́n ti fún jáde ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lò, kì í ṣe oje àgbọn nínú abọ́ óòtì. Nítorí náà, èrò mi ni pé ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta oje tó ki kò ní pa ẹni tí ara rẹ̀ dá lára. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún nípa LDL ni kó fi oje sílẹ̀, kó wọ́n àgbọn rírin díẹ̀ sí i fún òórùn. Omi ni ká fi sè é títí á fi máa fà, ká tó sọ iná kalẹ̀, ká da oje sí i. Tí oje bá hó jù, òróró á ya lára rẹ̀, á sì léfòó sójú abọ́.