Ṣé Àwo ni Òfin? Àkíyèsí lórí Ọ̀rọ̀-ìṣe 'Break'

Nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ kan tí a ṣe ní kíláàsì, mo túmọ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan báyìí: 'Ọkùnrin náà fọ́ òfin.' Bírò pupa ni olùkọ́ wa fi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, 'Ṣé àwo ni òfin?' Ojú tì mí. 'Break' ni ó wà nínú gbólóhùn náà, fọ́ sì ni mo ti mọ̀ ọ́n sí láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí nǹkan kò bá ti wà lódindi mọ́, 'break' ti tó fún Gẹ̀ẹ́sì: ìgò ni o, okùn ni o, egungun ni o. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ohun tí ọ̀rọ̀ kàn ni a kọ́kọ́ ń wò. Ìgò, àwo àti ìkòkò a máa fọ́. Okùn a máa já. Igi a máa dá tàbí kí ó ṣẹ́. Apá àti ẹsẹ̀ a máa kán. Búrẹ́dì, ńṣe ni a ń bù ú. Obì ńkọ́? Pípa ni a ń pa á, bẹ́ẹ̀ obì kì í ṣe ẹran!

Ibi tí ó ti le ni ti àwọn ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú. A ń rú òfin, a ń yẹ àdéhùn, a sì ń da májẹ̀mú. Ogun a bẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ a mọ́, ọkọ̀ a sì dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà. Mùsùlùmí tí ó gbààwẹ̀ a ṣínu ní ìrọ̀lẹ́. 'Breakfast' tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ ní òwúrọ̀, ìṣínu ni òun náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ààwẹ̀ òru ni tirẹ̀. Ti ìròyìn ni ó yà mí lẹ́nu jù. Bí ó bá jẹ́ ti ikú, a ní a túfọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì bá ìròyìn ayọ̀ lọ rárá. Ẹni tí ó bá ní òun wá túfọ̀ ìgbéyàwó, àfi kí ó múra láti sá.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé èdè tí àwọn ń kọ́ ni ó lọ́rọ̀ jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ kékeré kan lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. N kò gbà. Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá kò sàn ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí olúkúlùkù mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, fọ́ tiwa náà kì í jókòó sójú kan: ojú a máa fọ́ láìsí àfọ́kù kankan nílẹ̀, orí a sì máa fọ́ni. Ní ọjọ́ ìdánwò kan, mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pé orí mi ń 'break'. Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ní tèmi ń wá oògùn.