Ẹnjiníà dátà àgbà: gbogbo iléeṣẹ́ ló ń wá a, ta ló ń tọ́ ọ?

Ká ní ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ránṣẹ́ láti Kubwa l'Ábùjá sí Ìbàdàn, nẹ́tíwọ̀kì wá lọ lójijì. Àkọsílẹ̀ owó yẹn lè wọ ìwé iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà gbọọrọ orí rìsíìtì, Session ID onídíjíìtì 30, wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé owó kan náà ni. Ẹnjiníà dátà ló ń kọ ètò tó ń yẹ irú rẹ̀ wò, àìmọye lóòjọ́, kí akáǹtáǹtì tó dé ọ́fíìsì láàárọ̀.

Irinṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò kọ́ ló ń sọ ọ́ di àgbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló gbọ́ SQL àti Python. Àgbà ni ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ dàrú. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà bébà di ọ̀wọ́n, tí onílé àti àlejò sáré sídìí tiransifá, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ rí ohun tí kíláàsì kankan kò lè fi hàn wọ́n.

Ìrírí yẹn ni àwọn iléeṣẹ́ ń dù. Wọ́n dá Andela sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2014 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n lè máa báwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́. Ní September 2019, ó dá nǹkan bí 400 òṣìṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya. Iṣẹ́ kò tán o: lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ní òun máa gba 700 onírìírí kí ọdún 2020 tó parí. Àwọn oníbàárà ni kò fẹ́ ọmọṣẹ́ mọ́.

Dọ́là wá dá kún un. Nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan kí ìjọba tó jọ̀wọ́ iye rẹ̀ fún ọjà ní June 2023. Ó kọjá 1,400 lọ́dún 2024. Onírìírí tó ń gbé Kubwa, tó ní sólà àti íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró, lè jókòó sílé máa gba owó London. Kí ni iléeṣẹ́ tó wà ní Wuse, l'Ábùjá kan náà, fẹ́ fi fà á?

Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023 láti kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ dára, àmọ́ akọ́ṣẹ́ ló ń mú jáde. Lójú tèmi, kí iléeṣẹ́ má gba àgbà kan láìfi ọmọṣẹ́ méjì sábẹ́ rẹ̀. Bó bá di ẹrù rẹ̀ lọ sí Canada, ẹni tó mọ ìdí ẹ̀rọ á ṣì kù nílé.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ bi ẹni tó ń wá iṣẹ́ àgbà pé: ìwé wa ti àná fi mílíọ̀nù méjì náírà ju ti báńkì lọ, níbo lo ti máa bẹ̀rẹ̀? Ọmọṣẹ́ á máa ka orúkọ irinṣẹ́ lórí. Ẹni tó ti jẹ ìyà rẹ̀ rí á kọ́kọ́ béèrè aago tí báńkì ń ti ìwé ọjọ́ rẹ̀.