Rashidi Yekini, atamátàsé tí Kàdúná kọ́kọ́ mọ̀

Rashidi Yekini ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, òun náà sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní Áfíríkà, lọ́dún 1993. Setúbal ní ilẹ̀ Pọtogí àti Dallas ní Amẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn sábà máa ń mẹ́nu bà bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, ọdún 1963, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni orírun ìdílé rẹ̀.

Ìlú ilé-iṣẹ́ aṣọ ni Kàdúná nígbà náà. Lẹ́yìn tí Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 ni àwọn mìíràn tẹ̀lé e, lára wọn sì ni United Nigerian Textiles Limited ti Kàkúrì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UNTL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Iṣẹ́ òwú àti aṣọ híhun kó Hausa, Yorùbá, Igbo àti àwọn ẹ̀yà gúúsù Kàdúná jọ síbi kan, ilé-iṣẹ́ náà sì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tí iléeṣẹ́ ń fi owó ara rẹ̀ gbé ró láìwo ojú owó ìwọlé àwọn òǹwòran. Ẹgbẹ́ UNTL yìí ni Yekini gbá bọ́ọ̀lù fún ní 1981 sí 1982. Àdánù gidi ló jẹ́ fún bọ́ọ̀lù, kì í ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ nìkan, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 2007, nítorí pé ṣíṣí tí wọ́n tún un ṣí ní 2010 kò dá a padà sí bó ṣe wà.

Láti Kàdúná ló ti bọ́ sí Shooting Stars Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ìjọba, tó gba líìgì Nàìjíríà ní 1983, tó sì dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà ní 1984, níbi tí Zamalek ti Íjíbítì ti borí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń náwó lé lórí. Iléeṣẹ́, ìjọba àti olówó: gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ń gbà rówó láyé ìgbà náà ni Yekini gbà kọjá kó tó forí lé Africa Sports ní Abidjan ní 1987. Nígbà tó fi máa dé Vitória Setúbal ní 1990, ó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún 27, ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù òde òní yóò kà sí pé ó ti pẹ́ jù. Síbẹ̀, góòlù 21 tó gbá wọlé ní sáà 1993 sí 1994 ló mú un ṣíwájú gbogbo atamátàsé, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ní líìgì Pọtogí.

Sáà kan náà ni Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà, tí Yekini sì fi góòlù 5 ṣíwájú. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ọdún 1994, ní Dallas, akẹgbẹ́ rẹ̀ Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún síwájú ilé Bulgaria, Yekini sì ti wà níbi tó yẹ kó wà, ó kàn tì í wọlé ni. Ó wọ inú ilé náà tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń pariwo, ó ń sunkún. Àwòrán yẹn gbajúmọ̀ débi pé ó bo ọgbọ́n inú góòlù náà mọ́lẹ̀, nítorí pé gbígbá rẹ̀ kò le. Mímọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí kí àwọn adènà tó mọ̀ ọ́n ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Góòlù 3 sí òdo ni Nàìjíríà fi borí.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Olympiacos ti Gíríìsì àti Sporting Gijón ti Sípéènì, ṣùgbọ́n wọn kò rí irú Yekini bẹ́ẹ̀. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú Bizerte ní Tùnísíà, ẹgbẹ́ kan náà tó borí Ranchers Bees ti Kàdúná nínú àṣekágbá ife Áfíríkà kan ní 1988. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ọdún 2012. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà, nígbà tí ọdún 2024 sì fi parí, kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà tó kọjá iye náà.