Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì ìkànnì, àti ìdí tí ìwé àṣírí fi ń bọ́ sójú gbogbo ayé

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, akọ̀ròyìn kan ní Amẹ́ríkà tó ń kọ nípa ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, Brian Krebs, gbé ìròyìn kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu.

Ó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 885 ìwé ló wà ní gbangba lórí ìkànnì First American Financial, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń rí sí ìwé ohun ìní nígbà tí èèyàn bá ń ra ilé. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wà níbẹ̀, rìsíìtì owó tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Àwọn kan nínú wọn ti wà láti ọdún 2003.

Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn password, kó tó rí wọn. Ẹni tí ilé iṣẹ́ náà bá fi líǹkì ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ sí kàn lè yí nọ́ńbà kan padà nínú àdírẹ́sì ọ̀hún, ìwé ẹlòmíì yóò sì jáde.

Ilé iṣẹ́ náà padà ti ọ̀nà náà pa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àjọ tó ń mójútó ètò ìṣúná ní ìpínlẹ̀ New York kéde pé ilé iṣẹ́ náà yóò san mílíọ̀nù kan dọ́là owó ìtanràn.

Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: tí èèyàn bá tẹ àdírẹ́sì, báwo ni kọ̀ǹpútà tó wà ní òdìkejì ṣe ń mọ ìwé tó yẹ kó gbé jáde? Ó kan gbogbo ẹni tó ti fi ìwé ẹ̀rí, fọ́tò tàbí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìkànnì iléẹ̀kọ́, báńkì tàbí ibi iṣẹ́ rí.

Àdírẹ́sì kan, iṣẹ́ méjì

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan: https://example.com/iroyin/oja.html.

Apá àkọ́kọ́, example.com, ni orúkọ ìkànnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti júwe kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Browser, ìyẹn ááppù bíi Chrome tàbí Firefox tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, yóò kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà tó bá orúkọ náà mu lọ́wọ́ ètò DNS, tó dà bí ìwé nọ́ńbà fóònù fún gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì. Yálà orúkọ náà parí sí .ng ti Nàìjíríà, .bj ti Benin, .tg ti Togo tàbí .gh ti Ghana, ọ̀nà kan náà ló ń gbà.

Apá kejì ni /iroyin/oja.html. DNS kò mọ nǹkankan nípa èyí. Kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn tó bá wá sí ìkànnì lóhùn, tí wọ́n ń pè ní sáfà, ló máa pinnu ohun tó túmọ̀ sí.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Àdírẹ́sì kì í ṣe fáìlì. Ìbéèrè ni. Sáfà ló ní òfin tó fi ń túmọ̀ ìbéèrè náà, ẹni tó ni ìkànnì ló sì ń kọ òfin ọ̀hún.

Pálọ̀ àti ìyẹ̀wù

Apache àti nginx wà lára àwọn ètò tí àwọn sáfà ń lò jù lágbàáyé. Apache bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló gbé nginx jáde ní 2004.

Nínú Apache, ẹni tó ni ìkànnì yóò yan fódà kan tí wọ́n ń pè ní DocumentRoot. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Debian tàbí Ubuntu, /var/www/html ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sanwó fún ilé iṣẹ́ mìíràn kó lè bá wọn tọ́jú ìkànnì wọn mọ̀ ọ́n sí public_html.

Ohun tí sáfà ń ṣe kò le rárá. Yóò mú orúkọ fódà yẹn, yóò sì lẹ apá kejì àdírẹ́sì mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí /iroyin/oja.html ṣe ń di /var/www/html/iroyin/oja.html nìyẹn. Tí fáìlì bá wà níbẹ̀, tí sáfà sì ní àṣẹ láti kà á, yóò fi ránṣẹ́.

Ẹ lè fi wé ilé. Fódà yìí ni pálọ̀ tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ìyẹ̀wù wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ aṣínà àti ìwé owó wà, àlejò kò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé sí pálọ̀ ni àlejò lè rí, kódà bí abẹ́ àga ni wọ́n tì í sí.

Tí kò bá sí index.html ńkọ́?

Tí àdírẹ́sì bá parí sí orúkọ fódà, bíi example.com/iroyin/, kò sí fáìlì kan pàtó tí wọ́n dárúkọ. Sáfà yóò wá fáìlì tí wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ index.html. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì fi ń ṣí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ orúkọ fáìlì.

Tí kò bá sí index.html níbẹ̀, Apache lè kọ̀, kó fi èsì 403 ránṣẹ́, tó túmọ̀ sí pé kò sí àyè láti wọlé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ètò kan tó ń jẹ́ Indexes sílẹ̀ ní títàn, sáfà yóò to orúkọ gbogbo fáìlì inú fódà náà síta, bí ìgbà tí ìyálọ́jà bá pàtẹ ọjà.

Ẹ gbà pé òṣìṣẹ́ kan gbé fáìlì Excel tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń wá iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ sí irú fódà bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí i gbà. Kò fi líǹkì rẹ̀ sí ojú ewé kankan, ó sì rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn láti líǹkì kan dé òmíràn. Tí wọ́n bá já sí fódà náà, wọ́n lè ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa fi han ẹnikẹ́ni tó bá wá orúkọ ọ̀kan lára àwọn èèyàn náà.

Fáìlì robots.txt, tí àwọn kan fi ń sọ fún Google pé kó má wọ fódà kan, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i kà, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ lè júwe ibi tí wọ́n kó nǹkan pamọ́ sí.

Àmì ọ̀rọ̀ Yorùbá lè mú kí fáìlì di àwátì

Sáfà kì í méfò. Lórí Linux, tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, Oja.html àti oja.html jẹ́ fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí Windows, ọ̀kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá kọ́ ìkànnì lórí Windows, tó wá gbé e lọ sórí Linux, lè rí i pé àwọn àwòrán kan kò jáde mọ́, nítorí lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo.

Fún àwọn tó ń kọ Yorùbá, wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì kò lè gbé lẹ́tà ọ dé ọ̀dọ̀ sáfà bó ṣe rí, nítorí náà browser yóò sọ ọ́ di %E1%BB%8D. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà yìí. Ó lè kọ ọ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè kọ o, kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Ọ̀nà kejì yìí yóò di o%CC%A3.

Lójú èèyàn, kò sí ìyàtọ̀. Lójú sáfà Linux, orúkọ méjì ni. Tí ẹnì kan bá fi ọ̀nà àkọ́kọ́ pe fáìlì ní ọjà.html, tí kíbọ́ọ̀dù ẹlòmíì sì ń lo ọ̀nà kejì, sáfà lè sọ pé òun kò rí i. Ohun tó fi dára nìyẹn kí àdírẹ́sì má ní àmì, bí àmì tilẹ̀ pé nínú ìròyìn fúnra rẹ̀.

Kí ni 404 túmọ̀ sí?

Nígbà tí sáfà bá wá ohun tí àdírẹ́sì béèrè fún tí kò rí i, èsì 404 ló máa fi ránṣẹ́. Kò túmọ̀ sí pé ìkànnì náà ti kú. Sáfà ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́ ìbéèrè, àmọ́ kò ní nǹkankan tó bá a mu.

Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì náà ṣì wà, ibi tó wà ló yí padà. Ẹnì kan tún ìkànnì ṣe, ó yí orúkọ fódà, gbogbo líǹkì àtijọ́ sì di òfo. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Britain tó dá World Wide Web sílẹ̀ ní CERN ní Switzerland, kìlọ̀ nípa èyí ní 1998. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n tilẹ̀ tún ìkànnì tò, kò yẹ kí àdírẹ́sì tí aráyé ti mọ̀ yí padà.

Ìwádìí tí Pew Research Center ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024 fi hàn pé nínú ojú ewé 100 tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013, nǹkan bíi 38 ni kò ṣeé ṣí mọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023.

Ó sì ní oògùn. Èsì 301 wà tí sáfà lè fi sọ fún browser pé ohun tó ń wá ti kó lọ sí àdírẹ́sì tuntun, browser yóò sì gba ibẹ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Àdírẹ́sì tí kò ní fáìlì

Lónìí, ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì ni kò bá fáìlì kankan mu. WordPress, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ìròyìn ń lò, jẹ́ àpẹẹrẹ. Òfin tó ń fún Apache ni pé kó kọ́kọ́ wò bóyá fáìlì tàbí fódà kan ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n béèrè. Tó bá wà, kó gbé e jáde. Tí kò bá sí, kó gbé ìbéèrè náà fún index.php, èyí tí yóò wá ìròyìn náà nínú ibi tí wọ́n kó dátà pamọ́ sí.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwòrán àti PDF tí wọ́n bá gbé sórí WordPress sábà máa ń wọ fódà wp-content/uploads, ní ìbámu pẹ̀lú ọdún àti oṣù. Fáìlì gidi ni wọ́n. Bí ìròyìn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kò bá tíì jáde, ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì PDF náà lè ṣí i.

Nígbà tí àlejò fẹ́ gba ẹ̀yìn wọ ìyẹ̀wù

Nínú èdè kọ̀ǹpútà, àmì ìdánudúró méjì tó tẹ̀ léra, .., túmọ̀ sí pé kí èèyàn padà sẹ́yìn sínú fódà tó ṣíwájú. Tí ẹnì kan bá fi ìwọ̀nyí sínú àdírẹ́sì léraléra, ó ń gbìyànjú láti fẹ̀yìn rìn jáde kúrò ní pálọ̀ bọ́ sínú ìyẹ̀wù. Sáfà ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, ó sì máa ń dí i.

Ní 2021, àtúnṣe kan nínú Apache 2.4.49 ṣí àlàfo sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ̀kan nínú àmì méjèèjì bíi %2e, sáfà kò ní dá a mọ̀ lásìkò. Àwọn ọ̀daràn ti ń lo àlàfo náà kí Apache tó gbé 2.4.50 jáde ní oṣù Kẹwàá. Ìyẹn náà kò dí i tán, ni 2.4.51 bá tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin sáfà wọn pé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn pálọ̀ jẹ́ èèwọ̀, tí Apache ń pè ní Require all denied, bọ́ nínú ewu náà. Ilẹ̀kùn kejì ló gbà wọ́n.

Kí ni ẹ lè ṣe?

Ẹni tó ní ìkànnì lè ṣí àwọn fódà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú browser. Tí orúkọ fáìlì bá tò jáde, kó pa Indexes. Kó kó ìwé àwọn oníbàárà kúrò ní DocumentRoot pátápátá, kó sì máa gba àtúnṣe tuntun sórí sáfà rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ìkànnì náà ní ohun tó lè ṣe. Tí iléẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ bá fi líǹkì ìwé yín ránṣẹ́, ẹ daakọ rẹ̀ sínú fèrèsé àdáni browser, níbi tí ẹ kò ti wọlé sí àkáǹtì kankan. Tí ìwé náà bá ṣí láìbéèrè nǹkankan, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ má fi nọ́ńbà ẹlòmíì dán an wò, nítorí ó lè kó yín sí ọwọ́ òfin.

Nínú ọ̀rọ̀ First American, sáfà kò ṣi ìwé gbé. Ìwé tó bá nọ́ńbà inú àdírẹ́sì mu gan-an ló ń gbé jáde. Ó dáhùn ìbéèrè ibi tí ìwé náà wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń wá a. Mímọ ọ̀nà ilé ẹni kò yẹ kó tó láti ṣílẹ̀kùn rẹ̀.